Kọ́kọ́rọ́ Dátsùn Gbàdàmọ́sí

Pòrógun, Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, 1985

Adébùsọ́lá, ọmọ mi,

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, òjò ń rọ̀, ilé kò jò, ìyá rẹ ti jẹun, èmi náà ti jẹun. Nítorí náà, má wulẹ̀ máa fi àyà jíjá kà á dé ìsàlẹ̀. Orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òróró ìpara tí o fi ránṣẹ́ ti tán, pé èyí tí wọ́n ń tà níbí kò lágbára.

Ìwé rẹ tó dé kẹ́yìn kò ju ojú ewé kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí ó lè pọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé ìwé títẹ̀ fún lọ́yà ló fi ń jẹun ní ìlú òyìnbó kò yẹ kó máa ṣahun ọ̀rọ̀ fún bàbá rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, mo ṣì wà ní géètì mi. Ìparí oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni màá fẹ̀yìn tì, tí yóò pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n géérégé. Mánígà wa tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Walter, ní kí n kọ pátákó kan sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ọkọ̀ sí, pé òun kò tíì rí akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ gún bíi tèmi. Mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára pákó dúdú: ẸNI TÓ BÁ GBÉ ỌKỌ̀ SÍHÌN-ÍN, ÒUN LÓ NI EWU RẸ̀. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń yìn ín. Tíṣà tó kọ́ wa ní ìwé kíkọ ní míṣọ̀n ì bá rí i, inú rẹ̀ ì bá dùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, ìbéèrè lásán ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìtì igi yí lé ọkọ̀ òṣìṣẹ́ kan lórí nínú ọgbà wa. O mọ̀ pé gẹdú là ń là. Ọkọ̀ agbégẹdú méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, àyè kò sí, ni wọ́n bá sún ọkọ̀ ọkùnrin náà kúrò níbi tó gbé e sí, wọ́n gbé e sí ìdí òkìtì igi. Kò pé wákàtí kan tí okùn tí wọ́n fi de igi já. Òrùlé ọkọ̀ náà ti wọlé lọ bá àga. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn, pé pátákó ti sọ̀rọ̀. Ìwọ tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n ń sọ sí irú èyí lọ́dọ̀ yín? Kò kánjú o.

Ìyá rẹ ní ṣé o ti rí ẹnìkan. Èmi kọ́ ni mo béèrè.

Bàbá rẹ,
Harold Bọ́dúnrìn Ọnàfọwọ́kàn


Leeds
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà, 1985

Pàpá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù. Mo kí Màmá, mo kí orúnkún wọn pẹ̀lú. Òróró ìpara ń bọ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti rí ẹnìkan: awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó máa ń kí mi láràárọ̀. Òun nìkan ni mo tíì rí.

Ẹ ní mò ń ṣahun ọ̀rọ̀. Ẹ gba ọ̀rọ̀ nígbà náà.

Mo túmọ̀ ìbéèrè yín fún ọ̀gá mi nígbà tí à ń mu tíì. Ó kọ́kọ́ ní bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí àyè tí ilé-iṣẹ́ kàn fi sílẹ̀, tó tì í, tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé àyè lásán làwọn yọ̀ǹda, àwọn kò gba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tọ́jú. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ bàbá mi. Mo ṣàlàyé pákó ẹ̀yìn àga yín fún un, èyí tí ẹ kan ìṣó mọ́, tí mo máa ń ka àwọn ìṣó rẹ̀ nígbà tí mo bá gbé oúnjẹ wá fún yín: bí òṣìṣẹ́ bá gbé ọkọ̀ wọlé, dandan ni kó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ kí wọ́n lè sún ọkọ̀ náà bí agbégẹdú bá dé. Ọ̀gá mi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ ti gba ọkọ̀, pé bó bá tún wá jẹ́ òun ló sún un lọ síbi ewu, pátákó mẹ́wàá kò lè gbà á sílẹ̀.

Ó béèrè pé ṣé ẹ̀rí wà. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní bàbá mi kì í jẹ́ kí adìyẹ gba géètì kọjá kó má kọ ọ́ sínú ìwé. Pàpá, ẹ má jẹ́ kí ìwé géètì yẹn sọnù o. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ àti ẹni tó wá gbà á, gbogbo rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Kí ọkùnrin náà pè wọ́n lẹ́jọ́, kí ó ní kí wọ́n mú ìwé náà wá. Ẹni tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn láìpe ọlọ́kọ̀, kí ojú máa ti onítọ̀hún. Èló ni yóò ná an láti pe ènìyàn?

Báwo ni Bàbá Àsíátù? Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sì bá mi kí Dátsùn wọn aláwọ̀ aró. Ó ń ṣe mí bíi kí n tún jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú, láti Ìjẹ̀bú dé Ìkẹjà ni wọ́n fi ń kọ́ mi bí màá ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó láìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin jókòó níwájú, ẹ ń ṣe bí ẹni tó ń wo igbó, kí n má baà rí ojú yín.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ fi gàrí ránṣẹ́. Gàrí tí wọ́n ń tà níbí kò kan rárá.

Ọmọ yín,
Bùsọ́lá


Pòrógun, Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje, 1985

Bùsọ́lá,

Mo rí ìwé rẹ gbà.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó yàtọ̀ sí tiwa. Ìwé géètì kì í ṣe tèmi, ilé-iṣẹ́ ló ni ín, òṣìṣẹ́ kì í sì í gbé ohun ọ̀gá rẹ̀ lọ fún ará ìta. Má tún bá òyìnbó kankan sọ̀rọ̀ nípa ibi iṣẹ́ mi.

Gbàdàmọ́sí bàbá Àsíátù wà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ríra mọ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń pọ́n ayùn. Yíǹkì mi ti ń tán. Bí o bá rí èyí tó dúdú tí kì í ṣá, fi ránṣẹ́ sí mi. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí.

Bàbá rẹ,
H. B. Ọnàfọwọ́kàn


Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 1985

Bùsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi,

Èmi Àsíátù ni. Mo mọ̀ pé mi ò kọ̀wé sí ọ láti ìgbà tí mo ti bímọ, ẹ̀bi mi ni, mo gbà á. Bí mo bá rí ọ, kí o nà mí.

Ìyá rẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lánàá. Wọ́n ní nínú ìwé rẹ, o ní kí wọ́n bá ọ kí Dátsùn bàbá mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé o kò gbọ́ nǹkan kan. Bùsọ́lá, Dátsùn náà ni igi yí lé. Láti oṣù karùn-ún ló ti wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ wọn, ewéko ti ń hù gba inú rẹ̀ jáde.

Theophilus, awakọ̀ ilé-iṣẹ́, ló sún un lọ sídìí igi. Nígbà tí bàbá mi béèrè ẹni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, bàbá rẹ ní àwọn lọ jẹun lásìkò náà, àwọn kò mọ ẹni tó mú un lórí pákó. Bàbá mi kò bá wọn jà. Ìgbà tó délé ló sọ fún wa. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lèmi àti Bọ́dúnrìn ti jọ wà níbẹ̀. Kò fi géètì sílẹ̀ lọ jẹun rí. Orí itan rẹ̀ ló ń gbé abọ́ lé."

O mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ló fi ń gbé èrò lọ sí Ayépé àti Ìbẹ̀fún lẹ́yìn iṣẹ́. Òun la fi ń jẹ, òun ló ń rán Ràsákì àbúrò mi níléèwé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Ràsákì wọlé, kò bá wọn wọlé. Bàbá mi ti pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́, ọdún tuntun ni wọn yóò gbọ́ ọ. Lọ́yà bàbá mi ní bí kò bá sí ìwé géètì, pátákó ni kóòtù máa gbà gbọ́. Mánígà sì ní ikán ti jẹ ìwé náà, pé ẹnu bàbá rẹ lòun ti gbọ́ ọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, itan àgbò Iléyá kan kì í dúró lọ́dọ̀ wa, ilé yín ló ń lọ. Lọ́dún yìí mo gé e, mo fi ewé dì í, mo bi bàbá mi pé ta ló máa gbé e lọ. Ó ní kí n lọ sè é. A jẹ ẹ́, kò dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mi ò kọ̀wé kí o lè bá bàbá rẹ jà. Mo kàn ní kí o gbọ́ ni.

Tìrẹ,
Àsíátù


Leeds
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, 1985

Pàpá,

Mo kí yín. Mo kí Màmá.

Ẹ kọ ọ́ sí mi pé "òṣìṣẹ́ kan". Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹun nínú ilé wa ní Kérésì lọ́dọọdún! Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí kí n máa kí ọkọ̀ tó ti di ẹrù irin. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí yín pé kí ojú máa ti ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn, mi ò mọ̀ pé bàbá mi ni mò ń bú. Ọ̀gá mi ṣì ń béèrè pé báwo ni ẹjọ́ ọkùnrin yẹn. Mo ti fi yín yangàn fún un tán. Kí ni kí n wá sọ fún un?

Ikán wo ló jẹ ìwé tí ẹ ń fi ọ̀rá dì, tí ẹ ń tì mọ́nú àpótí irin? Ta lẹ lọ bá jẹun? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ṣé ìfẹ̀yìntì ni? Bí ó bá ṣe tìyẹn ni, mò ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin àti Màmá kò ní fi ebi sùn.

Mo mọ̀ pé ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi yíǹkì ránṣẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kọ òtítọ́, kí ló fẹ́ fi yíǹkì ṣe?

Bùsọ́lá


Leeds
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, 1985

Pàpá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá rèé tí mi ò gbúròó yín. Bí mo bá ti délé, ẹnu ilẹ̀kùn ni mò ń kọ́kọ́ wò, bóyá ìwé wà nílẹ̀. Ìwé iná àti ìwé omi nìkan ló máa ń wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa yíǹkì kò dára, ẹ foríjì mí. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, mi ò lè kó wọn jẹ. Ìyáàfin Susannah ará Ayépé ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Yíǹkì ìgò méjì wà nínú ẹrù wọn fún yín, pẹ̀lú òróró ìpara Màmá. Ẹ kọ̀wé sí mi, kódà bó jẹ́ èébú.

Ọmọ yín,
Bùsọ́lá


Pòrógun, Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 1986

Bùsọ́lá Àsàbí mi,

Mo gba yíǹkì. Òun ni mo fi ń kọ èyí.

Ìwé rẹ ti oṣù kẹwàá wà nínú Bíbélì mi. Mo ti ń wá èsì tí yóò rán ọ létí pé ọmọ ni ọ́, mi ò rí i. Ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Agbégẹdú méjì dí ojú títì, Mánígà yọrí lójú fèrèsé òkè, ó pariwo pé kí n fún Theophilus ní kọ́kọ́rọ́ Dátsùn kíá. Mo wo apá ibi tí Gbàdàmọ́sí wà. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń pọ́n ayùn, kò ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mi. Mo dìde pé kí n lọ pè é, ọ̀gá tún pariwo. Ni mo bá yọ kọ́kọ́rọ́ náà fún Theophilus, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ gbogbo nǹkan: "Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kọ́kọ́rọ́ Gbàdàmọ́sí. Theophilus gbà á. Àṣẹ Mánígà. A kò sọ fún ọlọ́kọ̀." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Nígbà tí igi yí, gbogbo ènìyàn sáré jáde. Gbàdàmọ́sí wá dúró níwájú mi, gírísì ni gbogbo ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè pé ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ òun. Mi ò tíì ronú kí ẹnu mi tó sọ pé mo lọ jẹun. Abọ́ oúnjẹ mi wà lórí àga láàárín èmi àti òun, ó wà ní dídé bí ìyá rẹ ṣe dé e láàárọ̀. Ó wo abọ́ náà, ó wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ti ikán ni ìkejì. Mánígà pè mí sí ọ́fíìsì pé kí n mú ìwé géètì wá. Ó ní ìfẹ̀yìntì mi ti súnmọ́, òun kò ní fẹ́ kí nǹkan kan dí i lọ́wọ́. Kò halẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lé e lọ́wọ́, a ò ní rí i mọ́. Ni mo bá ní ikán ti jẹ ẹ́. Mi ò lè gbé e fún un, mi ò sì lè gbé e fún Gbàdàmọ́sí. Inú àpótí aṣọ ìyá rẹ ló wà, lábẹ́ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó.

Ìyá rẹ rò pé owó ìfẹ̀yìntì ni mò ń bẹ̀rù. Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ máa rò ó, nítorí kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn bẹ̀rù ebi. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé bí wọ́n bá ka ìwé yẹn ní kóòtù, etígbọ̀ọ́ Gbàdàmọ́sí ni wọn yóò ti kà á pé mo mọ̀, pé mo wò ó lójú mo purọ́ fún un. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n bí ọ, òun ló sáré lọ pe agbẹ̀bí. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ojú náà ń tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ilé-iṣẹ́ ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni ẹlẹ́rìí wọn. Kí n wá sọ pé èmi ni mo kọ pátákó, pé kò sí òṣìṣẹ́ tí kò rí i. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ni.

Kí ni kí n ṣe? Má dá mi lóhùn bí ẹni tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́. Dá mi lóhùn bí ọmọ.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, 1986

Pàpá mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì, mo gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ níbi tí ó yẹ. Awakọ̀ àgbà yẹn ló wá bi mí pé ṣé ẹnìkan kú ní ilé wa ni. Mo ní rárá, bàbá mi ló kọ̀wé sí mi.

Ẹ ní kí n dáhùn bí ọmọ. Ṣé ẹ rántí nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, tí mo sùn gbàgbé, tí mo ní kí ẹ bá mi kọ̀wé sí Tíṣà Gilbert pé ara mi kò yá? Ẹ kọ ọ́. Mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Tíṣà ṣí i, ó kà á sókè fún gbogbo kíláàsì pé: "Ara Adébùsọ́lá le. Oorun ló sùn." Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ. Nígbà tí mo délé, mò ń sunkún, mi ò bá yín sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin náà kò bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ra bọ̀ọ̀lì fún mi, ẹ ní kí n jókòó tì yín ní géètì.

Mo ti bínú sí yín rí nítorí pé ẹ kọ òtítọ́, mo sì tún padà wá jókòó tì yín. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Mi ò mọ bóyá Bàbá Àsíátù yóò padà wá jókòó. Mi ò lè fi ìyẹn dá yín lójú.

Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sí mi bó ṣe rí.

Ọmọ yín,
Bùsọ́lá


Pòrógun, Ìjẹ̀bú-Òde
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 1986

Bùsọ́lá Àsàbí mi,

Ara ìyá rẹ ti ń yá, ó ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Gàrí rẹ wà nínú àpò, à ń wá ẹni tí yóò gbé e.

O ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n tú pátákó kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e wá sí kóòtù. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ bi mí bóyá ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mo ní ọwọ́ mi ni. Ó bi mí bóyá Gbàdàmọ́sí mọ̀ ọ́n kà. Mo ní ó mọ̀ ọ́n kà. Ó ní ó tán, kí n máa lọ jókòó. Mi ò jókòó. Mo sọ fún adájọ́ pé ọwọ́ mi tún kọ nǹkan mìíràn, mo sì fa ìwé géètì yọ nínú aṣọ ìyá rẹ tí mo fi wé e. Lọ́yà náà fò dìde, ariwo sọ. Mánígà ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbójú sókè wo pátákó, ó tún wo ìwé.

Ó ní, "Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Èwo ni kí kóòtù gbà gbọ́?"

Mo ní, "Olúwa mi, ti pátákó, wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni. Ti inú ìwé, ojú mi ló rí i."

Ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi "A kò sọ fún ọlọ́kọ̀", mo na ìwé náà sí akọ̀wé kóòtù, òun ló bá mi kà á. Wọ́n bi mí bóyá mo lọ jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ní rárá, mo purọ́ fún ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò lè wo apá ibi tó jókòó sí. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti lọ.

Oṣù kẹfà ni adájọ́ yóò dájọ́, mi ò sì lè sọ ibi tí yóò já sí. Ilé-iṣẹ́ kò dúró de ìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n já ìwé fún mi níbi iṣẹ́, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí n fẹ̀yìn tì. Ìwé náà kún fún àṣìṣe, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀wé tẹ̀ bíi tìrẹ. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ti di ẹjọ́ mìíràn. Inú ìyá rẹ bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò bá mi wí. Ó kàn bi mí bóyá aṣọ ìgbéyàwó òun kò dọ̀tí ní kóòtù.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, Gbàdàmọ́sí kò wá. Àjíǹde kọjá, kò wá. Mò ń rí i lókèèrè bó bá ń lọ kírun Jímọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Mo gbà pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbójú sókè, òun ló ń bọ̀ yẹn. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí. Ìyá rẹ gbé omi wá, ó mu ún tán.

Ó ní, "Bọ́dúnrìn, kì í ṣe ọkọ̀ ló dùn mí. Abọ́ oúnjẹ yẹn ni."

Mo ní mo mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí. Kò sọ pé òun foríjì mí, kò sì sọ pé òun kò foríjì mí. Ó béèrè rẹ, mo ní o wà, pé o ń kí i. Ó ní ṣé o ṣì ń kúnlẹ̀ fún òyìnbó. A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ Dátsùn wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú mi. Mo pè é pé ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò yíjú padà. Ó ní òun kò gbàgbé nǹkan kan, kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, pé ọjọ́ tí wọ́n bá tún ọkọ̀ náà ṣe, òun yóò wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ igi, Bùsọ́lá. Ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí kò sí mọ́.

Mo kan ìṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ, ibẹ̀ ni mo fi kọ́ sí. Ìwé géètì wà lọ́wọ́ kóòtù, mi ò sì ní géètì mọ́, nítorí náà inú ìwé tìrẹ yìí ni mo máa kọ ọ́ sí. Bá mi fi pamọ́.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, 1986. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìrọ̀lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ Gbàdàmọ́sí. Bọ́dúnrìn gbà á. Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Harold Bọ́dúnrìn Ọnàfọwọ́kàn